Ta Ló Jẹ Owó Ọjà Màmá Mi?

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe WAEC tán, ẹ máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú wa rí ní Mushin.

Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni màmá mi ṣí tiwọn. 200,000 náírà ni àjọ tí wọ́n kó. Ríǹtì àti owó ẹ̀jẹ́ǹtì gbé 120,000 lọ ká tó ra ẹyọ ọṣẹ kan. Èyí tó kù la gbé lọ Ìdúmọ̀tà. Ọjà sì ń tà!

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù kúrò ní bíi 190 náírà, ó di bíi 500. Owó ọkọ̀ gbéra, owó ọjà náà tẹ̀ lé e. Ká ní ẹ ra páálí bisikíìtì ní 6,000, ẹ tà á ní 6,800. Ẹ jèrè 800, àbí? Ẹ padà lọ, wọ́n ní ó ti di 7,200. Ẹ gbọ́dọ̀ fi 400 kún gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí páálí kan náà rà. Tẹ́ ẹ bá ti wá fi 800 yẹn ra ẹja ọbẹ̀ ńkọ́? Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń tà nìyẹn, tí inú ẹ̀ ń ṣófo.

Àwìn wá dá kún un. Màmá mi ò lè wo ojú ẹni tó bá wọn jó níjọ́ ìsọmọlórúkọ àbúrò mi, kí wọ́n ní kò sí mílíìkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ro gbèsè inú ìwé wọn pọ̀: 31,400 náírà. 4,700 nínú ẹ̀ kò ní orúkọ, "ilé" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni.

"Ìwọ nìyẹn."

Bisikíìtì tí mò ń mú lọ sílé ìwé láràárọ̀ ni o. Mi ò lè fèsì.

Ní báyìí, 500 ń lọ sọ́wọ́ alájọ lójoojúmọ́ ká tó fọwọ́ kan owó oúnjẹ. Alájọ á yọ owó ọjọ́ kan lóṣù, 14,500 á kù fún wa, ọjà nìkan la sì ń fi í rà. Tí Ìdúmọ̀tà bá fowó lé e, màmá mi náà á fi lé e lọ́jọ́ náà, kódà tí oníbàárà bá pòṣé.

Ríǹtì tún ń bọ̀ lóṣù kẹrin. Onígbèsè mẹ́rin ló ṣì kù. Èmi ti san 3,000 nínú tèmi.