Atukọ̀ tó gba góòlù, ṣé ó lè kọ́ ẹlòmíràn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Festac tàbí Amuwo-Odofin bíi tèmi, ẹ mọ omi dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń rí ní jẹ́tì Mile 2 ló ti ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa ń rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ onígi, àjẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́, tí wọ́n ń kọjá lọ wẹ́rẹ́ bí ẹni pé omi ò wúwo. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí ọkọ̀ ò fi dojú dé. Èsì tí mo máa ń gbọ́ ò ju ọ̀kan lọ: "Ṣebí kéèyàn kàn máa tù ú ni."

Kì í ṣe pé wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ o. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ wọn ò mọ̀ ọ́n sọ. Ìṣòro yìí kan náà ló ń dúró de àwọn tó gba góòlù Òlíńpíìkì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé àjẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ di kóòṣì. Gbogbo èèyàn á rò pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ló máa mọ̀ ọ́n kọ́ èèyàn jù. Sáyẹ́ǹsì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ibi tí wọ́n ń lọ

Ẹ má ṣe pa eré méjì pọ̀. Èyí tó jọ ti àwọn apẹja wa ni eré ọkọ̀ àjẹ̀: èèyàn kọjú síbi tó ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló di àjẹ̀ mú. Eré yẹn ni Ayomide Bello lọ ṣe fún Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Tokyo. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní rowing. Nínú ti rowing, àjẹ̀ gígùn so mọ́ ara ọkọ̀, ìjókòó ń yí lọ yí bọ̀ lórí irin, atukọ̀ sì kẹ́yìn sí ibi tó ń lọ. Mítà 2,000 ni wọ́n ń sá ní Òlíńpíìkì. Chierika Ukogu ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe é níbẹ̀, ní Rio lọ́dún 2016, Esther Toko sì tẹ̀ lé e ní Tokyo.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé apá ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Rárá o, ẹsẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Atukọ̀ á ki àjẹ̀ bọ omi, á fi ẹsẹ̀ ti pátákó tó wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, lẹ́yìn náà ni apá á wá parí ẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Agbára nìkan ò tó

Bí ọkọ̀ ṣe ń yára sí i ni omi ń dè é lọ́nà sí i, ìdènà yìí kì í sì í pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ìyára bá di ìlọ́po méjì, ìdènà omi á di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí atukọ̀ gbọ́dọ̀ máa ná ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan á wá di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ. Kódà tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ fi ìdá mẹ́wàá yára sí i, ìṣirò rẹ̀ ni 1.1 × 1.1 × 1.1, tó jẹ́ 1.33. Ìyẹn ni pé ẹ máa fi ìdá mẹ́ta kún agbára yín kẹ́ ẹ tó rí ìdá mẹ́wàá péré. Ta ló ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí kò tíì lò?

Torí náà, ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò ló sábà máa ń pàdánù. Ẹ wo ọkọ̀ méjì. Ọkọ̀ Àkàndé ń lọ mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, kò yẹ̀. Ọkọ̀ Bísí lọ mítà 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kìíní, ó lọ 4 ní èkejì. Àwọn méjèèjì lọ mítà 10. Ẹ wá ṣírò agbára wọn: ti Àkàndé jẹ́ 125 àti 125, àpapọ̀ 250. Ti Bísí jẹ́ 216 àti 64, àpapọ̀ 280. Ibì kan náà ni wọ́n dé, àmọ́ Bísí fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lágun ju Àkàndé lọ lásán, kìkì nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ ń fò, ó ń dúró.

Kí ló ń mú ọkọ̀ fò bẹ́ẹ̀? Ara atukọ̀ fúnra rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ẹlẹ́nì kan lè má ju kílò 14 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ! Atukọ̀ inú rẹ̀ lè tó kílò 90. Tó bá fa àjẹ̀ tán, ìjókòó á gbé e padà síbi ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó tún ki àjẹ̀ bọ omi. Tó bá fi ìkánjú padà, gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ á rọ́ lu pátákó ẹsẹ̀, á sì ti ọkọ̀ kékeré yẹn sẹ́yìn. Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé ẹni tó ń kánjú yẹn rò pé òun ń yára ni. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, òógùn bo ojú, ara ń sọ fún un pé ó ń ṣe dáadáa. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń rí i pé imú ọkọ̀ ń rì, ó ń sọ.

Yorùbá ní ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ti wọ́. Ìdí tí kóòṣì fi wà nìyẹn.

Ara mọ̀ ọ́n, ẹnu ò mọ̀ ọ́n

Nígbà téèyàn bá ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tuntun, iwájú ọpọlọ ló ń ṣe wàhálà: gbé ọwọ́ yìí, tẹ ẹsẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, iṣẹ́ náà á bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà tó wà nísàlẹ̀ inú ọpọlọ àti ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí èèyàn ò ní máa rò ó mọ́. Àmọ́ ohun tí a ò rò kì í rọrùn láti rántí.

Lọ́dún 2001, Sian Beilock àti Thomas Carr, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, dán èyí wò pẹ̀lú àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Tí wọ́n bá bi àwọn ògbóǹtagí bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò lápapọ̀, wọ́n á ṣàlàyé rẹpẹtẹ. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán yìí gan-an, ohun tí wọ́n rántí kéré sí tàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn ògbóǹtagí náà ní ọ̀pá tí wọ́n tẹ̀ wọ́kuwọ̀ku, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, torí ó di dandan kí wọ́n fọkàn sí i.

Èkejì tún wà. Lọ́dún 1990, Elizabeth Newton ní Yunifásítì Stanford ní kí àwọn kan fi ìka kan tábìlì lu orin tí gbogbo ayé mọ̀, káwọn mìíràn máa dá orin náà mọ̀. Àwọn tó ń lù ú rò pé ìdajì ni wọ́n máa mọ̀. Nínú orin 120, mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀! Ẹni tó ń lù ú ń gbọ́ orin lódindi nínú orí ara rẹ̀, kò mọ̀ pé "kọ́ kọ́ kọ́" lásán ni ẹnì kejì ń gbọ́. Ẹ rántí pé gángan ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ìdí tó fi lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Tábìlì ò ní ohùn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí láàárín ọ̀gá atukọ̀ àti ọmọ tuntun nìyẹn. Ọ̀gá á ní, "Jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ." Lójú tirẹ̀, ó ti sọ gbogbo rẹ̀. Létí ọmọ náà, tábìlì ló ń dún.

Àwọn méjì tó kọjá sódìkejì

Steve Redgrave ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba góòlù ní Òlíńpíìkì márùn-ún tẹ̀ léra: 1984, 1988, 1992, 1996 àti 2000. Wọ́n ti sọ fún un lọ́dún 1997 pé ó ní àtọ̀gbẹ, síbẹ̀ ó wà nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 0.38 ṣáájú Italy ní Sydney, lẹ́ni ọdún 38. Ẹ wá wo ẹni tó kọ́ ọ fún mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú márùn-ún yẹn: Jürgen Gröbler, ará Jámánì tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991. Òun fúnra rẹ̀ ò gba góòlù Òlíńpíìkì kankan gẹ́gẹ́ bí atukọ̀.

Lọ́dún 2018, Redgrave lọ sí China gẹ́gẹ́ bí olùdarí ètò àwọn atukọ̀ wọn. Kì í ṣe òun ló ń tẹ̀ lé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti rí i pé àwọn kóòṣì, àwọn dókítà àti ètò ìmúra bára wọn mu. Ní Tokyo, àwọn obìnrin mẹ́rin China gba góòlù pẹ̀lú 6:05.13, àkókò tó yá jù lágbàáyé nígbà náà. Wọ́n fi ohun tó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá 6 ṣáájú Poland tó ṣe ipò kejì.

Dick Tonks ti New Zealand ní tirẹ̀ gba fàdákà ní Munich lọ́dún 1972. Àwọn tó kọ́ ló wá gba góòlù: Rob Waddell ní 2000, àwọn ìbejì Evers-Swindell ní 2004 àti 2008. Ti 2008 yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá 0.01 ni wọ́n fi borí. Ohun tí wọ́n sì mọ̀ mọ́ Tonks ni pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ lè ní, ṣebí mo ní ọ̀rọ̀ ni ìṣòro? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Kóòṣì gidi máa ń rí àṣìṣe mẹ́wàá, á wá mú ọ̀kan tó bí mẹ́sàn-án yòókù, á sọ ìyẹn nìkan. Bó ṣe sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Gabriele Wulf àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1998, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ́ eré orí yìnyín, pé ẹni tó fọkàn sí táyà abẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ọ dáadáa ju ẹni tó fọkàn sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Dípò "tẹ orúnkún rẹ báyìí," kóòṣì á ní, "fi àjẹ̀ ti omi jìnnà." Ara á wá ọ̀nà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ló kàn wá?

Ó kàn wá gan-an. Ukogu, Toko àti Bello ti dé ibi tí ọmọ Nàìjíríà kì í sábà dé. Ohun tí ara wọn mọ̀ ò sí nínú ìwé kankan. Tí wọ́n bá gbé àjẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí kò sì sẹ́ni tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sọ ọ́ di ohun tí wọ́n lè fi kọ́ ọmọ, ìmọ̀ yẹn á bá wọn lọ sílé. Àṣìṣe kejì ni ká so fèrè mọ́ ẹnì kan lọ́rùn lọ́jọ́ kejì tó fẹ̀yìn tì, nítorí góòlù tó gbà. Iṣẹ́ tuntun ni iṣẹ́ kóòṣì, kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ó yẹ kí eléré ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì ń díje: kó máa kọ ohun tó ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀, kó máa wo fídíò ara rẹ̀, kó gba ọmọ kékeré kan sọ́dọ̀, kó gbìyànjú láti kọ́ ọ.

Omi ò wọ́n wa. Láti Mile 2 títí dé Badagry, àti ní Makoko, àwọn ọmọ wà tí ọwọ́ wọn ti mọ àjẹ̀ kí wọ́n tó mọ bírò. Ẹni tó máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe, tó sì máa lè sọ ọ́ fún wọn, ló ṣòro rí.

Tẹ́ ẹ bá rò pé mo ń sọ ọ́ le jù, ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní. Ẹ pe àbúrò yín tí kò tíì mọ okùn bàtà so. Ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnu nìkan ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ ti ń so okùn bàtà láti ọdún gbọ́ọrọ, ọ̀gá ni yín. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa lè parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.