Bí A Ṣe Ń Yan Másítà Bíréèkì fún Ọkọ̀ Ìjàpá Tí A Tún Ṣe

Ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto ni àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìjàpá. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó. Ní 2003 ni wọ́n ṣe ìjàpá tó kẹ́yìn, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nítorí náà, ìjàpá tí ẹ bá rí ní Ṣakí tàbí ní Ìséyìn lónìí, àgbà ọkọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn kan fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, wọn kò sì fẹ́ kí ó kú. Wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù ti tẹ́lẹ̀ sí i. Wọ́n ń yọ dúrọ́ọ̀mù bíréèkì iwájú, wọ́n ń fi dísìkì rọ́pò rẹ̀. Èyí dára, nítorí ọkọ̀ tó ń sáré jù gbọ́dọ̀ lè dúró jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí másítà.

Kí ni iṣẹ́ másítà? Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọ̀pá irin kan a ti písítìnì tó wà nínú másítà. Písítìnì a ti òróró bíréèkì sínú páìpù. Òróró a lọ sí ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a sì ti páàdì mọ́ dísìkì, tàbí kí ó ti ṣúù mọ́ dúrọ́ọ̀mù. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Blaise Pascal, tó kú ní 1662, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí: bí a bá tẹ omi tó wà nínú ohun tó dé pinpin, títẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo bákan náà.

Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ wá ike abẹ́rẹ́ méjì tí kò ní irin lẹ́nu, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá. Ẹ bu omi sí wọn, kí ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ti kékeré, ọwọ́ yín yóò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ńlá yóò fi agbára gbéra. Bí ẹ bá ti ńlá, kékeré yóò sáré jáde, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni másítà rí. Fífẹ̀ ihò inú rẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí a ó wò. Ihò másítà oníyàrá méjì ti ìjàpá sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí 19 mílímítà. Ẹlòmíràn a ní, "Èyí tó tóbi ló dára," a sì ra 22. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. 19 lọ́nà 19 jẹ́ 361. 22 lọ́nà 22 jẹ́ 484. Ìyẹn ni pé, bí ẹsẹ̀ wa bá rí agbára 4 pẹ̀lú 19, bí 3 péré ni ẹsẹ̀ kan náà yóò rí pẹ̀lú 22. Ìjàpá kò sì ní ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ bí ti ọkọ̀ òde òní.

Awakọ̀ kan nínú kíláàsì wa ra irú másítà ńlá bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, nítorí bíréèkì le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dé ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, iṣu wà nínú ọkọ̀, ló bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ṣì ń lọ. Ewúrẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ló gbọ́n, tó sá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí ra èyí tó kéré jù. Písítìnì ìdí dísìkì tóbi, ó ń fẹ́ òróró púpọ̀. Bí másítà bá kéré jù, ẹsẹ̀ lè kan ilẹ̀ ọkọ̀ kí páàdì tó di dísìkì mú. Ní tiwa, a ó kọ́kọ́ fi 19 tí wọ́n ṣe fún ìjàpá onídísìkì sí i. Bí ẹsẹ̀ bá wọlẹ̀ jù, ẹ tún ṣúù ẹ̀yìn sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù ná, kí ẹ sì lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù. Bí ó bá ṣì ń wọlẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ gòkè díẹ̀, sí bíi 20.6.

A ní "tí wọ́n ṣe fún onídísìkì" nítorí ohun kan. Nínú ọ̀pọ̀ másítà onídúrọ́ọ̀mù, fáàfù kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí òróró padà tán. Ó bá dúrọ́ọ̀mù mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lójú ọ̀nà dísìkì, páàdì kò ní jọ̀wọ́ dísìkì, táyà yóò sì máa gbóná.

Àwọn ìjàpá àtijọ́ ní másítà oníyàrá kan ṣoṣo. Bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì ló lọ. Ìjàpá ti 1967 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ti ní yàrá méjì: ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì ṣì wà. Ẹ̀yin tó ń lo oníyàrá kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé owó yóò lọ sí i.

Ìwé kíkà wúlò gan-an nílé ìtajà. Ẹ wo ara másítà bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n wọn ihò rẹ̀ lójú yín. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ká rọ́bà ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn. Bí òróró bá wà níbẹ̀, tàbí tí ìpẹtà wà nínú ihò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ka ara ìgò òróró bíréèkì náà: DOT 3 tàbí DOT 4 ni kí ẹ rà, kí ẹ má da DOT 5 mọ́ wọn. Ẹ má fi kẹrosíìnì fọ inú másítà, ẹ má sì da òróró ẹ́ńjìnnì sí i. Rọ́bà inú rẹ̀ yóò wú, yóò sì bàjẹ́.

Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń dè é, kí ó fi àyè bíi 1 mílímítà sí àárín ọ̀pá àti písítìnì. Bí kò bá sí àyè, bíréèkì lè di ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀ nígbà tí òróró bá gbóná.

Kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò fún ìṣẹ́jú kan. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí òróró kò sì jò síta, rọ́bà inú másítà kò dára. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.