Ìṣirò Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ọ̀tà

Láti Joju dé Ṣàngó, títí wọ òpópó Ìdí-Ìrókò, ilé-iṣẹ́ ló kún Ọ̀tà: àwọn tó ń yọ́ irin, àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń rọ ọtí sínú ìgò. Ní òpópó Ìdí-Ìrókò yẹn kan náà ni Fásitì Covenant wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, àti Fásitì Bells tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2005. Síbẹ̀, bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pé àǹfààní wo ni ẹ̀rọ ń rí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ́ ní fásitì, wọ́n á ní tíọ́rì lásán ni, pé ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni ìwé. Èrò tèmi yàtọ̀. Tíọ́rì tó jọ pé ó jìnnà sí ilé-iṣẹ́ jù lọ ló máa ń wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ gan-an, iṣẹ́ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí sì tó ẹ̀rí.

Òṣòdì ni wọ́n bí Awójọbí sí lọ́dún 1937. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zaria, ó lọ sí Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ lọ́dún 1966, ó sì padà wálé wá di gbajúgbajà olùkọ́ ní Fásitì Èkó. “Dead Easy” ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò wà lára ohun tí ará ìlú fi mọ̀ ọ́n. Láyé ìgbà tí Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, lóṣù kẹrin ọdún 1972, ó gbé síárìn ọkọ̀ Opel rẹ̀ láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Ó tún ṣe jíìpù kan tó pè ní Autonov 1, tó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ sáré síwájú, kó sì tún fi wọ́n sáré sẹ́yìn.

Àmọ́ kì í ṣe mọ́tò ló kan Ọ̀tà jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1965, òun àti P. Grootenhuis gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, lórí bí ohun líle tó jókòó sórí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n. Ìṣirò ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ẹ jẹ́ ká mú un wálẹ̀ sórí jẹnẹrétọ̀ ńlá ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yí nígbà 1,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ohun tó bá jókòó sórí ilẹ̀ ló ní ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ máa fi gbọ̀n. Ìwúwo ẹ̀rọ àti kọnkéré abẹ́ rẹ̀, bí ìpìlẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó, àti bí ilẹ̀ ṣe le tó, ló ń pinnu rẹ̀. Bí ìwọ̀n yìí bá lọ ṣe déédéé pẹ̀lú eré ẹ̀rọ, gbígbọ̀n kékeré á máa gorí ara wọn, bí ìgbà tí èèyàn ń ti ọmọdé lórí jangilófà, tó ń tì í ní gbogbo ìgbà tó bá padà dé ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì á máa tú, kọnkéré á sán, bíárìn á kú láìtọ́jọ́. Ilẹ̀ pàápàá kì í kàn gbé ẹ̀rọ lásán: ó máa ń gba díẹ̀ nínú gbígbọ̀n náà, á sì gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Ìdí nìyẹn tí ògiri aládùúgbò fi ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ ní ọgbà kejì. Ohun tí ìṣirò àwọn ọkùnrin méjì yìí dá lé ni béèyàn ṣe lè mọ gbogbo èyí kí wọ́n tó da kọnkéré.

Ẹnì kan lè ní kò kan Ọ̀tà, nítorí òkè òkun la ti ń ra ẹ̀rọ, àwọn tó sì ṣe é máa ń fi àwòrán ìpìlẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀rọ lè ti òkè òkun wá, ilẹ̀ tó máa jókòó lé kò lè ti ibẹ̀ wá. Ilẹ̀ pupa orí òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ àbàtà ẹ̀bá odò, ilẹ̀ tó gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kì í sì í le bákan náà nígbà tí òjò bá ti rin ín gbingbin. Ará ibí ló yẹ kó wọn ìyẹn.

Ẹlòmíì á ní ìrírí ti tó, pé àgbà mẹkáníìkì kò nílò ìwé: bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, kí wọ́n da kọnkéré kún un. Èmi kò kóyán ìrírí kéré, nítorí ọwọ́ tó ti tú ẹ̀rọ nígbà púpọ̀ mọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ wo oògùn yìí dáadáa. Bí kọnkéré bá wúwo sí i láìfẹ̀ sí i, ìwọ̀n tí ohun gbogbo ń fi gbọ̀n á lọ sílẹ̀. Bí ìwọ̀n náà bá ti wà nísàlẹ̀ eré ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀, ara á tù ú. Bó bá jẹ́ pé òkè rẹ̀ ló wà, ńṣe ni sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fowó rà á máa fà á sún mọ́ wàhálà. Oògùn kan náà wo ẹ̀rọ kan sàn, ó ba òmíì jẹ́, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àtakò tó le jù ni ti Autonov 1 fúnra rẹ̀. Bí ìmọ̀ bá wúlò tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí jíìpù náà kò dé ọjà? Ìdáhùn mi ni pé ọkọ̀ kan ṣoṣo kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Kí ọkọ̀ tó dé ọjà, ó nílò owó, ibi tí wọ́n á ti máa rọ ẹ̀yà ara rẹ̀, àti ẹni tó ṣe tán láti rà á, kò sì sí èyí tí olùkọ́ fásitì lè fi ìṣirò dá sílẹ̀ nínú wọn. Ìwádìí ọdún 1965 kò nílò ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá kà á lè lò ó, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ nípa gbígbọ̀n ilẹ̀ fi ń tọ́ka sí i títí dòní, nígbà tí mọ́tò tí ará ìlú pàtẹ́wọ́ fún ti di ìtàn.

Ọ̀nà tí ìmọ̀ yìí lè gbà wọ ọgbà ilé-iṣẹ́ sì ti wà tipẹ́. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES, tí a mọ̀ sí “IT”, ti ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé-iṣẹ́. Níbi púpọ̀, fáìlì àti ìránṣẹ́ ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ fún wọn ní jẹnẹrétọ̀ kan tó ń gbọ̀n. Fóònù tó wà lápò wọn ní ohun tó lè wọn gbígbọ̀n nínú. Kí wọ́n gbé e lé ìpìlẹ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ náà padà fún olùkọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá. Ilé-iṣẹ́ á mọ ohun tó ń pa bíárìn rẹ̀, fásitì á sì ní àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀tà tí kò sí nínú ìwé òyìnbó kankan. Nígbà náà, ẹni tó bá tún pe ìwé ní tíọ́rì lásán á ní láti ṣàlàyé ohun tó fi ń da kọnkéré tirẹ̀.