Juju Music, àwo orin King Sunny Adé, 1982

Ike dúdú ni àwo yìí, páálí ni àpò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Island, tó gbé Bob Marley dé ojú ayé, ló gbé e jáde, ọdún kan lẹ́yìn ikú Marley. Lomé ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló darí iṣẹ́ náà.

Orin òde àríyá Èkó ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n dub ti Jàmáíkà ti wọ inú rẹ̀. Wọ́n á yọ ohùn olórin kúrò, ìlù àti gìtá á ṣẹ́kù, ìró á wá máa padà bọ̀ bí ìgbà tí èèyàn pariwo sínú kànga. "365 Is My Number" ló ti hàn jù. Ẹni tó mọ jùjú lè ní wọ́n bu omi là á. Èmi ò gbà: gángan ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo ojú àwo náà dáadáa. Ẹ rí àwọn ìlà dídán tó pín orin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì? Àwo jùjú tí wọ́n ń ṣe fún Èkó nígbà náà kì í sábà ní wọn. Orin kan á wọnú òmíràn, títí ojú kan á fi tán.