Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Èyí Tí Wọ́n Tò Tán ni, tàbí Èyí Tí A Ó Tò Fúnra Wa?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Baṣọ̀run, kí ẹ tó fi owó ẹ̀yáwó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ gbọ́ èyí. Láti ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ Framework ní Amẹ́ríkà ti ń ta irú èyí tí a lè tú, kí a sì pààrọ̀ bátìrì tàbí ojú rẹ̀ láìra òmíràn. Oríṣi méjì ni: èyí tí wọ́n tò tán, àti èyí tí olùrà yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki mẹ́mọ́rì bọ̀. Bí ẹ bá ti ní mẹ́mọ́rì tí ó bá a mu, èkejì lè dín owó kù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti owó ẹrù. Kò yẹ kí gbèsè pẹ́ ju ohun tí a fi rà lọ.