Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lórí kọ̀ǹpútà lè wa bàálù ogun Spitfire gidi?

Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́ tó wà nínú yàrá rẹ̀ lè wa Spitfire, bàálù ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kojú Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Tí bàálù náà bá já lulẹ̀, yóò kàn tẹ bọ́tìnnì kan ni, eré á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Spitfire gidi kò ní irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ọ̀kan lára àwọn Spitfire tí iléeṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìrántí ogun já sínú pápá kan nítòsí Coningsby, lápá ìlà oòrùn England. Mark Long tó ń wà á kú nínú ìjàm̀bá náà. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́: bàálù ogun ìgbàlódé Typhoon ló ń wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa bàálù pọ̀ kárí ayé, àwọn mìíràn sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé irú wọn sínú Spitfire gidi lónìí, ṣé wọ́n á lè wà á? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé orí lè ti mọ̀ ọ́n, kí ara má tíì mọ̀ ọ́n.

Bàálù wo ni Spitfire?

Ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 1936 ni Spitfire kọ́kọ́ gbéra, ní Eastleigh nítòsí ìlú Southampton. R. J. Mitchell, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ya àwòrán rẹ̀, kú lọ́dún tó tẹ̀lé e, kò sì rí ogun tí bàálù náà jà. Wọ́n ṣe èyí tó lé ní 20,000. Àwọn tó ṣì lè fò lónìí kò tó 100 ní gbogbo ayé.

Ẹ́ńjìnnì Merlin ti iléeṣẹ́ Rolls-Royce ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì náà tó lítà 27, agbára rẹ̀ sì ju ti 1,000 ẹṣin lọ. Síbẹ̀, àga kan ṣoṣo ló wà nínú bàálù náà. Nígbà ogun, ẹni tó bá fẹ́ wà á fún ìgbà àkọ́kọ́, òun nìkan ló máa dá gbé e lọ sókè. Kò sí àyè fún olùkọ́.

Ohun tí kọ̀ǹpútà lè kọ́ èèyàn

Kò yẹ kí a fojú kéré ẹ̀rọ ìdánrawò tí wọ́n ń pè ní símúlétọ̀. Àwọn bíi DCS World àti IL-2 ti kọjá eré ọmọdé. Inú Spitfire tí wọ́n yà síbẹ̀ jọ ti gidi gan-an, pẹ̀lú àwọn aago rẹ̀ àti àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ́ ọ á mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì náà, ìgbà tó yẹ kó ká táyà sókè, àti bí eré rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ kó tó balẹ̀.

Á tún mọ àbùkù bàálù náà. Nínú àwọn Spitfire àkọ́kọ́, tí awakọ̀ bá ṣàdédé da imú bàálù kọ ilẹ̀, epo kì í dé inú ẹ́ńjìnnì dáadáa mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì máa wúkọ́. Bàálù ogun Jámánì kò ní ìṣòro yìí. Lọ́dún 1941, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Beatrice Shilling, fi irin kékeré kan tó ní ihò láàárín wá ojútùú sí i. Símúlétọ̀ tó dára máa ń fi àbùkù yìí hàn.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní Spitfire tó máa gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lókè, tàbí kó jẹ́ kó máa yí bí òkòtó bọ̀ wálẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè dán an wò nígbà ogún lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tí ara nìkan mọ̀

Ibi tí símúlétọ̀ ti kù díẹ̀ káàtó ni ara èèyàn. Tí Spitfire bá yí kọ́nà líle lókè, ìwúwo ara awakọ̀ lè di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó wọn kílò 70 á dà bí ẹni tó wọn kílò 280. Ọwọ́ á wúwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fà wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa sá kúrò lórí, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Àga inú yàrá kò lè ṣe èyí fún èèyàn.

Ọ̀pá ìdarí náà yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò nídìí kọ̀ǹpútà sábà máa ń ní sípíríǹgì, bó ṣe le nígbà tí bàálù ń lọ jẹ́jẹ́ náà ló ṣe máa le nígbà tó bá ń sáré. Ti Spitfire kò rí bẹ́ẹ̀. Láti gbé imú rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀, ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Àmọ́ láti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí nígbà tó bá ń sáré púpọ̀, awakọ̀ ní láti fi agbára sí i.

Kí afẹ́fẹ́ tó kọ̀ láti gbé apá bàálù mọ́, bàálù á kọ́kọ́ gbọ̀n. Inú àga tí awakọ̀ jókòó lé àti ọ̀pá tó dì mú ni ìkìlọ̀ yẹn ti ń wá. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi ojú wá a, tàbí kó fi etí gbọ́ ọ. Bákan náà ni ìbẹ̀rù: orí tó pé pérépéré nínú yàrá lè gbàgbé ohun gbogbo nígbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu.

Wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀

Nígbà tí Spitfire bá wà nílẹ̀, imú rẹ̀ gígùn máa ń nà sókè, awakọ̀ kì í rí iwájú. Ó ní láti máa yà sọ́tùn-ún, kó tún yà sósì, kó lè yọjú wo ọ̀nà. Táyà iwájú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ra jù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó dúró dáadáa. Kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀, torí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń tètè gbóná.

Tí èyí tó ní ẹ́ńjìnnì Merlin bá ń gbéra, agbára ẹ́ńjìnnì á máa fà á sósì, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bó bá ti kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tún dé. Ọwọ́ ọ̀tún ló di ọ̀pá ìdarí mú, àmọ́ apá ọ̀tún náà ni irin tí wọ́n fi ń ká táyà sókè wà. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà nítòsí. Lórí kọ̀ǹpútà, èèyàn lè fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì kan, kó parí.

Símúlétọ̀ ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1929, Edwin Link ti ìlú Binghamton ní ìpínlẹ̀ New York, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ń ṣe dùùrù, ṣe ẹ̀rọ kan tó dà bí bàálù kékeré. Ẹwìrì bíi ti inú dùùrù ló ń gbé e sókè sódò. Lọ́dún 1934, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ológun Amẹ́ríkà kú níbi tí wọ́n ti ń fi bàálù kó lẹ́tà nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, àwọn ológun sì ra ẹ̀rọ Link. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ láti gbára lé aago wọn nígbà tí ìkúùkù bá bo ojú.

Síbẹ̀, ìdánrawò kì í mú ewu kúrò tán. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó tó di ọ̀gá ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1942, wà lára àwọn tí ìjàm̀bá bàálù pa, kì í ṣe ìbọn ọ̀tá. Oṣù Kìíní, ọdún 1945 ló kú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lónìí?

Awakọ̀ bàálù èrò tó ti nírìírí lè fi símúlétọ̀ ńlá kọ́ bàálù tuntun kó tó gbé e lọ sókè rárá. Ti Spitfire kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wà á sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí bàálù kékeré bíi Chipmunk, kí wọ́n tó bọ́ sórí Harvard tó lágbára jù ú lọ, lẹ́yìn náà Spitfire alága méjì pẹ̀lú olùkọ́. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á tó dá wà á.

Ẹni tí kì í ṣe awakọ̀ náà lè sanwó jókòó sẹ́yìn Spitfire alága méjì ní England. 

Tó bá jẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lórí kọ̀ǹpútà ni, kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Á mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á sì mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn. Àmọ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìfun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni. Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, ti Spitfire sì tún ju ohun tí ojú ń rí lọ.