Àkóyawọ́ àti ìjíhìn lórí ìṣúná ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Àkóyawọ́ àti ìjíhìn lórí ìṣúná ìjọba ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ dá lórí àwọn òfin, ìwé àti ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú fi lè mọ iye owó tó ń wọ àpò ìjọba, ohun tí ìjọba sọ pé òun yóò fi owó náà ṣe, àti ohun tó fi ṣe gan-an. Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, láàárín Nàìjíríà àti Tógò. Àjàṣẹ́, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Porto-Novo, ni olú-ìlú rẹ̀, ṣùgbọ́n Kútọnu ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba wà. Nínú ìwádìí àgbáyé kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ìjọba ṣe ń ṣí ìwé ìṣúná rẹ̀ sílẹ̀, máàkì 1 péré nínú 100 ni Bẹ̀nẹ̀ gbà ní ọdún 2012. Ní ọdún 2023, ó gba 79.

Bí àbá ṣe ń di òfin

Ọdún ìṣúná Bẹ̀nẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní, ó sì máa ń parí ní oṣù Kejìlá. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà, ti ọdún 1990, pàṣẹ pé kí àbá ìṣúná dé ọwọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ó pẹ́ tán, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó oṣù Kẹwàá. Bí ọdún bá parí tí àwọn aṣòfin kò tíì fẹnu ọ̀rọ̀ jóná lórí rẹ̀, ìjọba lè fi àṣẹ mú àbá náà ṣẹ. Aṣòfin kò sì lè dábàá pé kí wọ́n dín owó tó ń wọlé kù tàbí kí wọ́n fi kún ìnáwó, àfi bí ó bá tọ́ka sí ibi tí owó tí yóò dí àlàfo náà yóò ti wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ọwọ́ ìjọba ló lè jù.

Ohun tí ìwé òfin fi sílẹ̀ fún aṣòfin ni ìbéèrè. Abala 113 sọ ọ́ di dandan fún ìjọba láti ṣàlàyé ohunkóhun tí Ilé bá béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ nípa ìbéèrè ẹnu, ìbéèrè inú ìwé tàbí ìgbìmọ̀ ìwádìí. Abala 37 tún sọ pé ohun ọ̀wọ̀ ni ohun ìní ìlú, pé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó, àti pé ìjìyà wà fún ẹni tó bá kó o jẹ.

Láti 1 dé 79

Àjọ International Budget Partnership, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Washington, ló ń ṣe ìwádìí náà. Ìwé mẹ́jọ ni ó ń wá ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí àlàyé tó yẹ kó ṣáájú àbá ìṣúná títí dé ìròyìn àwọn ayẹ̀wé-owó-wò lẹ́yìn tí ọdún bá ti kọjá. Ìwé tí kò bá jáde lásìkò, tàbí tí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i, kò níye lórí nínú ìṣirò wọn. Èyí ló mú kí máàkì 1 ṣeé ṣe ní ọdún 2012. Bẹ̀nẹ̀ ní ìṣúná ní ọdún yẹn bí ó ti ní in lọ́dọọdún, àwọn aṣòfin sì ń jíròrò lórí rẹ̀. Ìwé náà ni kò dé ìta.

Ìyípadà náà ní orísun méjì ó kéré tán. Èkíní wá láti òkèèrè díẹ̀: ní ọdún 2009, UEMOA, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń ná fáránkì CFA, gbé ìlànà tuntun jáde lórí òfin ìṣúná àti àkóyawọ́, Bẹ̀nẹ̀ sì sọ wọ́n di òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013. Èkejì wá láti ilé, lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú bíi Social Watch Bénin, tí wọ́n ń ka àbá ìṣúná tí wọ́n sì ń sọ èrò wọn lórí rẹ̀ ní gbangba. Ní ọdún 2015 máàkì náà fò sókè sí 45. Kò dúró síbẹ̀: ó já sí 39 ní ọdún 2017, ó tún gòkè sí 49 ní 2019, ó sì di 65 ní 2021. Máàkì 61 ni àjọ náà kà sí ìwọ̀n tí ìwé tó wà níta fi tó fún ará ìlú láti bá ìjọba sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìmọ̀. Lára ohun tí ìjọba ń tẹ̀ jáde báyìí ni ìwé ìṣúná ará ìlú, èyí tó ń fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn sọ ohun tí ìwé ńlá náà wí.

Owó omi

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, ọdún kan náà tí máàkì Bẹ̀nẹ̀ di 45, ìjọba Nẹ́dálándì dá ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣe fún ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dúró. Ohun tó fà á ni owó tó tó mílíọ̀nù 4 yúrò tí a kò rí ibi tó wọlé sí nínú ètò PPEA II, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ láti pèsè omi mímu fún àwọn ìgbèríko. Ọ̀rọ̀ náà di ariwo ńlá ní Kútọnu, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí abúlé tó ń retí kànga ẹ̀rọ ni gbèsè náà já lé lórí. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí ni pé àwọn tó ń fúnni lówó ló kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Nẹ́dálándì lè dá owó tirẹ̀ dúró; ẹni tó ń san owó orí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àjọṣe náà padà bọ̀ sípò, OmiDelta ni wọ́n sọ ètò omi tó tẹ̀ lé e, orúkọ tí ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ fún ìdajì rẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ tó pẹ́ kó tó dé

UEMOA ti ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ dá ilé-ẹjọ́ tí yóò máa yẹ ìṣirò owó ìjọba wò sílẹ̀ kí ọdún 2002 tó parí. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀ka kan lábẹ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, a kò sì lè sọ ọ́ di ilé-ẹjọ́ tó dá dúró láìtún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ṣí ìwé òfin náà fún àtúnṣe, ààrẹ kan lè gba ibẹ̀ wá sáà kẹta. Ìbẹ̀rù náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí àbá àtúnṣe ti ọdún 2013 fi forí ṣánpọ́n. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni àtúnṣe tó dá Ilé-ẹjọ́ Ìṣirò Owó sílẹ̀ tó di òfin, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn àkókò tí wọ́n dá.

Ta ni yóò béèrè?

Máàkì 79 ń díwọ̀n ìwé. Ìwádìí kan náà ń díwọ̀n ipa tí ará ìlú ń kó nígbà tí wọ́n ń ṣètò ìṣúná àti nígbà tí wọ́n ń ná an, ohun tí Bẹ̀nẹ̀ sì gbà níbẹ̀ kò tó ìdajì 79. Kì í ṣe Bẹ̀nẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ rí bẹ́ẹ̀ fún. Kárí ayé ni ìjọba ti ń rí i pé títẹ ìwé jáde rọrùn ju jíjókòó gbọ́ ìbéèrè lọ.

Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà le. Ní ìdìbò oṣù Kẹrin ọdún 2019, ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà láàyè láti díje, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Àwọn ni wọ́n pín gbogbo ìjókòó 83. Ilé tí kò ní alátakò kankan nínú ló jíròrò lórí ìṣúná àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn sì ni àwọn ọdún tí máàkì àkóyawọ́ ń gòkè. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates gba ìjókòó 28 nínú 109.

Òfin ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2015 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n òfin ìgbòkègbodò orí ẹ̀rọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, ti ran akọ̀ròyìn lọ sẹ́wọ̀n nítorí ohun tó kọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ tú àṣírí owó sì mọ èyí kó tó kọ̀wé.

Ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti súnmọ́ ojúlé jùlọ. Bẹ̀nẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 77, títí kan àwọn ìlú Yorùbá bíi Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdún 2008 ni owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wọn nípasẹ̀ àpò ìdàgbàsókè tí wọ́n ń pè ní FADeC nígbà náà, fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn kékeré, ọjà àti omi, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò sì máa ń lọ wo bí wọ́n ṣe ná an. Ìjókòó ìgbìmọ̀ ìlú ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àwọn olórí ìlú kan sì máa ń pe ará ìlú jọ láti jíhìn níwájú wọn ní èdè ìlú náà. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìròyìn àyẹ̀wò owó náà.